Kàbà jáde dáadáa, Mọ̀pà di "M??pà": kí ló ń ba orúkọ jẹ́ láàárín dátábéèsì àti sáìtì wa?

ỌmọOwé

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé ẹgbẹ́ wa.

Èmi ni mò ń tọ́jú sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan níbí ní Kàbà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá láti Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà. Kajú ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó wá. A ó wọ̀n ọ́n, a ó sì kọ kílò àti owó sílẹ̀ fún kálukú. Orí MySQL 5.6, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, ni sáìtì àtijọ́ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà tuntun tó ní MySQL 8.0, mo sì tún kóòdù PHP rẹ̀ kọ.

Ohun tí mo bá nìyí. Ní òpó (column) ìlú, Kàbà jáde dáadáa fún àwọn kan, Ìsánlú náà jáde dáadáa, ṣùgbọ́n Mọ̀pà di "M??pà", Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ di "Ayétòrò-Gb??d??". Fún àwọn mìíràn, ohun gbogbo ló dojú rú: iṣẹ́ wọn tó yẹ kó jẹ́ "Àgbẹ̀" di "Ã€gbáº¹Ì€", "Ṣadé" di "á¹¢adÃ©". Àmì owó Yúróòpù ló wà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Ìyàrà kan.

Mo ti wo HTML, meta charset rẹ̀, ìlà tó ń sọ irú àkọsílẹ̀ lẹ́tà tí ojú-ìwé ń lò fún bọ́ráwúsà, jẹ́ UTF-8. Mo yí i padà sí òmíràn, ó tún burú sí i.

Bàbá kan láti Mọ̀pà wo orúkọ ara rẹ̀ lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ó sì bi mí pé ta ni mo kọ síbẹ̀. N kò rí èsì fún un. Ìyẹn ló mú mi wá síbí.

---

Akọ̀wé_Ìjùmú

Okun o, àbúrò. Ìmọ̀ràn tèmi: yọ gbogbo àmì kúrò. Kọ Mopa, kọ Agbe, kọ Sade. Orúkọ tó wà ní báńkì kò ní àmì, èyí tó wà lórí káàdì ìdìbò kò ní. Kí ló dé tí a ó fi máa bá kọ̀ǹpútà jà nítorí àmì? Owó ni àwọn èèyàn ń wá gbà.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìsánlú

Akọ̀wé, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa gan-an ni kí ẹ wò. Okun ni agbára. Òkun ni omi ńlá. Okùn ni ohun tí a fi ń so ewúrẹ́. Ọ̀kùn ni kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó máa ń ká jọ nínú ewé. Ẹ yọ àmì kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ńkọ́? Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ mọ ohun tó ń sọ.

Ti báńkì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn tọ́, a kò sì lè fojú fò ó. Ojútùú rẹ̀ ni kí òpó méjì wà: `oruko` tó ní àmì, tí èèyàn yóò rí, àti `oruko_banki` tí kò ní àmì, tí a ó kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní báńkì. Ìkejì kò gbọdọ̀ pa àkọ́kọ́ rẹ́.

ỌmọOwé, má ì tí ì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú dátábéèsì náà o. Ṣe o ní ẹ̀dà ìpamọ́?

---

ỌmọOwé

Mo ní i, mà. Mo fi mysqldump ṣe é kí n tó kó ẹrù, ó wà lórí fláàṣì àti lórí íméèlì mi.

---

Olùkọ́_Mọ̀pà

Ìyẹn dára. Bóyá torí pé ìlú mi ni wọ́n sọ di àmì ìbéèrè ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe dùn mí, ṣùgbọ́n ó ṣeé wádìí, ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kọ́kọ́ má gba ohun tí ojú rẹ rí lórí sáìtì gbọ́, torí bọ́ráwúsà, PHP àti dátábéèsì ni ó lọ́wọ́ nínú ohun tó hàn yẹn. Béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì pé àwọn báìtì wo gan-an ló tọ́jú:

`SELECT id, ise, HEX(ise), ilu, HEX(ilu) FROM omo_egbe LIMIT 50;`

Bí "Àgbẹ̀" bá wà bó ṣe yẹ nínú òpó utf8mb4 (orúkọ tí MySQL ń pe UTF-8 tó pé), wàá rí `C3806762E1BAB9CC80`. À gba báìtì méjì, g àti b gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gba mẹ́ta, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ gba méjì. Fi ohun tí o bá rí ránṣẹ́ síbí.

---

ỌmọOwé

Ẹ ṣé, sà. Oríṣi méjì ni mo rí.

Ti àkọ́kọ́, fún àwọn tó ní àmì ìbéèrè: `C38067623F3F`.

Ti ìkejì, fún àwọn tó dojú rú: `C383E282AC6762C3A1C2BAC2B9C38CE282AC`.

Èyí tó tọ́ gangan kò sí rárá.

---

Olùkọ́_Mọ̀pà

Ó ti hàn báyìí.

`3F` ni àmì ìbéèrè fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe sáìtì rẹ ló kọ̀ láti fi lẹ́tà hàn; àmì ìbéèrè gan-an ni ẹnì kan tọ́jú sínú dátábéèsì. Lẹ́tà ti kú. Kò sí gbólóhùn SQL tó lè jí i.

Ṣùgbọ́n wo À tó ṣáájú, `C380`: nǹkan kan kò ṣe é. Kí ló dé tí À fi yè, tí ẹ̀ sì kú? Ìdí ni pé dátà yìí gba inú latin1 kọjá níbì kan. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe latin1 fún. À, á, é, ì, ò, ú wà nínú rẹ̀, torí Faransé, Ítálì àti Sípéènì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Kàbà àti Ìsánlú fi kọjá ní àlàáfíà, tí Mọ̀pà àti Gbẹ̀dẹ̀ fi fara gbọgbẹ́. Àmì ìbéèrè méjì ló sì ń wà fún ọ̀, torí kò sí ọ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode: ọ ni, U+1ECD, tí a wá gbé àmì ohùn U+0300 lé lórí. Méjèèjì ni latin1 kọ̀, ó fi àmì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dípò wọn.

Báwo ni àwọn ìlà wọ̀nyẹn ṣe wọlé?

---

ỌmọOwé

Láti Excel ni, sà. Akápò ní ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú Excel. Ẹni tó ṣe sáìtì àkọ́kọ́ sọ ọ́ di CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pín sí òpó), ó sì kó o wọlé. Àwọn tó dojú rú jẹ́ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù sáìtì fúnra wọn lẹ́yìn náà.

Ohun kan wà tí n kò lóye: àwọn tó wá láti fọ́ọ̀mù, lórí sáìtì àtijọ́, wọ́n máa ń hàn dáadáa! Àwọn ti Excel ló máa ń ní dáyámọ́ńdì dúdú kan nínú orúkọ, a sì rò pé fóònù ló fà á.

---

Olùkọ́_Mọ̀pà

Ohun tí o kò lóye yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́.

Kóòdù àtijọ́ kò sọ fún MySQL irú àkọsílẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́. MySQL sì gbà pé latin1 ni. Bọ́ráwúsà fi "ẹ" ránṣẹ́ ní UTF-8, báìtì mẹ́ta: E1 BA B9. MySQL rò pé lẹ́tà latin1 mẹ́ta ni, á, º àti ¹, ó sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí UTF-8 lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n ṣe wé e lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, bí ẹ̀kọ tí a wé ní ewé, tí a tún fi ewé mìíràn wé. Nígbà tí sáìtì àtijọ́ bá fẹ́ kà á, ẹnu ọ̀nà kan náà ni yóò gbà, MySQL yóò tú ewé òde, orúkọ yóò sì hàn bó ṣe yẹ. Àṣìṣe wíwọlé àti àṣìṣe jíjáde pa ara wọn rẹ́. Ìwọ wá kọ kóòdù tuntun tó tọ́, tó sọ òótọ́ pé utf8mb4 ni, ewé òde sì hàn síta. Kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́.

Dáyámọ́ńdì dúdú náà: àwọn ìlà Excel, a kò wé wọn lẹ́ẹ̀mejì. À wà nínú dátábéèsì bó ṣe yẹ; kóòdù àtijọ́ tú u dé latin1, báìtì kan ṣoṣo, bọ́ráwúsà tó ń retí UTF-8 kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Àwọn tí a wé lẹ́ẹ̀mejì ṣeé tú. Ṣe é lórí ẹ̀dà dátábéèsì ná, má ṣe é lórí ojúlówó:

`UPDATE omo_egbe SET ise = CONVERT(CAST(CONVERT(ise USING latin1) AS BINARY) USING utf8mb4) WHERE HEX(ise) LIKE '%C3A1C2%' OR HEX(ise) LIKE '%C383%';`

WHERE yẹn, tó ń yan ìlà tí a ó tú, ni kí o ṣọ́ bí ojú rẹ. Bí o bá tú ìlà tó ti dára tẹ́lẹ̀, wàá ba tòun náà jẹ́. Bí o bá sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láìní WHERE, ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn yóò tún ṣubú. Fi SELECT wò ó kí o tó fi UPDATE ṣe é.

---

ỌmọBùnú_Dẹ́fù

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ ti sọ ọ́ dópin. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ó wo ẹnu ọ̀nà gbogbo, torí bí ọ̀kan bá ṣì ń purọ́, kò ní pẹ́ tí yóò tún bàjẹ́. Bí o bá ń fi PDO so PHP mọ́ MySQL, kọ ọ́ sínú DSN, ìlà ìsopọ̀ rẹ̀: `mysql:host=...;dbname=...;charset=utf8mb4`. Fún mysqli: `$conn->set_charset('utf8mb4');`. Má lo "utf8" lásán ti MySQL àtijọ́, báìtì mẹ́ta péré ló mọ̀ fún lẹ́tà kan.

Fún Excel, nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́, CSV méjì ló wà nínú àkójọ náà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "CSV UTF-8" ni kí ẹ mú. Èkejì ló pa Mọ̀pà.

---

ỌmọOwé

Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ṣe é lórí ẹ̀dà, àwọn ti fọ́ọ̀mù padà bọ̀ sípò. "Àgbẹ̀" ti di `C3806762E1BAB9CC80`, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Àwọn ti àmì ìbéèrè, mo pe akápò. Fáìlì Excel ojúlówó ṣì wà lórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, àmì rẹ̀ pé. Ṣé kí n pa àwọn ìlà yẹn rẹ́ kí n sì kó wọn wọlé lọ́tun?

---

Ìyá_Ìbejì_Ìsánlú

Rárá o! Àwọn ìlà yẹn ni owó àti ìwọ̀n kajú so mọ́. Bí o bá pa wọ́n rẹ́, nọ́ńbà tuntun ni wọn yóò gbà, owó ẹni ẹlẹ́ni yóò sì di ti aláìníbaba.

Kó Excel náà sínú tábìlì ọ̀tọ̀, kí o wá fi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ so méjèèjì pọ̀, kí o mú orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ nìkan láti ibẹ̀. Má fi orúkọ so wọ́n, orúkọ ló ń ṣàìsàn.

Kí o tó kó o, ṣí i kí o wo òpó fóònù àti òpó ọjọ́ ìbí. Excel máa ń rò pé nọ́ńbà fóònù jẹ́ iye, yóò jẹ òdo iwájú, nọ́ńbà mọ́kànlá yóò di mẹ́wàá. Fóònù kì í ṣe ohun tí à ń rò pọ̀. VARCHAR, ìyẹn ọ̀rọ̀, ni kó jẹ́ ní dátábéèsì, "Text" ni kó jẹ́ nínú Excel. Nọ́ńbà àkáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo náà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni.

Bí o bá rí ọjọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà bíi 45292, má bẹ̀rù. Bí Excel ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn. 45292 ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni 03/04, torí kọ̀ǹpútà tí a ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, nígbà tí àwa ń sọ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Kọ gbogbo rẹ̀ bí 2024-04-03 kó tó wọlé.

---

ỌmọOwé

Mà, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, òdo ti lọ nínú fóònù àwọn tó pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo rí ohun tó dáyà já mi. Ìyá kan láti Bùnú, owó ìfipamọ́ rẹ̀ nínú Excel jẹ́ 1,250,000. Nínú dátábéèsì, náírà 1 ni.

---

ỌmọBùnú_Dẹ́fù

Ẹ dúró ná. Wo bóyá `(int)` wà nínú kóòdù tó kó o wọlé. Nínú PHP, `(int)"1,250,000"` jẹ́ 1. Yóò ka nọ́ńbà títí yóò fi kan kọ́mà, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò ní kígbe, kò ní fi ẹ́rọ̀ kankan hàn. Ìyá wa yóò kàn wá gba owó rẹ̀, ẹ óò sì sọ fún un pé náírà kan ló ní. Ó dùn mí dé ọkàn.

Yọ kọ́mà àti àmì ₦ kúrò kí o tó yí i padà. MySQL 8.0 ní ìwà kan tó dára, bí kò bá sẹ́ni tó pa á: bí o bá fi "1,250,000" sínú òpó DECIMAL (tó ń tọ́jú iye gẹ́lẹ́) tààrà, yóò kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ́rọ̀. Má pa ìwà yẹn torí kí nǹkan lè "wọlé".

Irú òpó wo ni owó wà?

---

ỌmọOwé

FLOAT.

---

ỌmọBùnú_Dẹ́fù

Yí i padà sí DECIMAL(12,2) lónìí. Bí o bá fi 1234567.89 sínú FLOAT ti MySQL, tí o sì béèrè rẹ̀ padà, 1234570 ni yóò sọ fún ọ. Kílò kajú náà, DECIMAL ni kí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n yíyí òpó padà kò ní mú kọ́bọ̀ tó ti sọnù padà. Láti inú Excel àti ìwé rìsíìtì ni wàá ti tún iye kọ.

Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ fún Sátidé yìí, ẹ má bínú.

---

Akọ̀wé_Ìjùmú

Mo ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì báyìí lórí òpó méjì, torí èmi náà rò pé àmì nìkan ni ìṣòro, kò sì rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ti yọ àmì, a kì bá tí rí i pé owó ń sọnù lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè mi: ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì tẹ nǹkan lórí fóònù. Bí ẹnì kan bá wá "Mopa", ṣé yóò rí Mọ̀pà?

---

Olùkọ́_Mọ̀pà

Yóò rí i. Bí MySQL 8.0 ṣe wà láti ilé ni utf8mb4_0900_ai_ci, kì í wo àmì nígbà tó bá ń ṣe àfiwé. Mopa, Mọ̀pà, mọpa, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ó dára fún wíwá nǹkan.

Kò dára fún òpó tí o bá fi UNIQUE sí, tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Yóò sọ pé Okun àti Ọ̀kùn jẹ́ ọ̀kan náà, yóò sì kọ èkejì. Fún irú òpó bẹ́ẹ̀, utf8mb4_0900_as_cs ni kí ẹ lò.

Ohun kan tún kù, mo rí i nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ojú méjì ni "ẹ́" lè gbà wọlé láti fóònù. Kíbọọ̀dù kan yóò fi ẹ àti àmì ohùn ránṣẹ́. Òmíràn yóò fi e, àmì abẹ́ àti àmì ohùn ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, HEX lè rí i. Ní PHP, `Normalizer::normalize($oruko, Normalizer::FORM_C)` yóò sọ wọ́n di ọ̀kan, bí àfikún PHP tó ń jẹ́ intl bá wà lórí sáfà. Àwọn kan tún ń lo ìlà òòró kékeré abẹ́ lẹ́tà, U+0329, dípò àmì abẹ́ U+0323. Normalizer kò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Kí o fi str_replace yí i padà kí o tó pè é.

Má sì fi substr gé orúkọ gígùn kúrú. Báìtì ló ń kà, ó lè gé ẹ sí méjì, json_encode, tó ń di dátà fún ojú-ìwé, yóò sì dá false padà, ojú-ìwé yóò wá ṣófo. Lo grapheme_substr, òun kì í ya àmì ohùn kúrò lára fáwẹ̀lì rẹ̀.

---

ỌmọOwé

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ ti mọ́ bá mi nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti parí. Tábìlì owó ti di DECIMAL. Èmi àti akápò jọ jókòó, a fi rìsíìtì wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mọ́kànlá ni kọ́mà ti gé owó wọn. Owó gbogbo wọn ti pé padà, mo sì ti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí fóònù kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá Bùnú ní òun ò tilẹ̀ mọ̀. Ó gbàdúrà fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i.

Ọjọ́ ìbí nìkan ló ṣì kù. Nínú dátábéèsì ó tọ́, lórí ojú-ìwé ó fi ọjọ́ kan ṣáájú.

---

ỌmọBùnú_Dẹ́fù

JavaScript nìyẹn. O lo toISOString, tó ń kọ ọjọ́ ní aago àgbáyé UTC, àbí? Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC. Òru méjìlá tiwa jẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú níbẹ̀. Má sọ ọjọ́ ìbí di Date rárá. Fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán láti dátábéèsì dé ojú-ìwé.

---

ỌmọOwé

Ó ti tọ́. Okun o, gbogbo yín.

Mo fi ìlà ti bàbá Mọ̀pà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó pè mí padà, ó ní bàbá ka orúkọ náà sókè, ó tún ka ìlú rẹ̀ sókè, ó wá ní kí n bá òun tún òdo fóònù òun fi sí iwájú. Mo ti fi sí i.